Oògùn Ẹ̀jẹ̀

Ọdún mẹ́jọ ni màmá mi fi lo oògùn kan láràárọ̀, èmi ọmọ wọn tí a jọ ń gbé inú yàrá kan náà ò mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tó ń dùn mí jù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ yẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi tètè bú mi. "Oògùn ẹ̀jẹ̀" là ń pè é. "Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ yín?" "Mo ti lò ó jàre." Ó parí síbẹ̀. Màmá ò kàwé, orúkọ òyìnbó tí wọ́n kọ sára páálí oògùn ò sì kàn wọ́n. Èmi kàwé. Kọ́tìnnì ni mò ń rán fún àwọn olówó ní Ikate, mo lè wọn ogún fèrèsé lóòjọ́ kí n má ṣi ẹyọ kan, ṣùgbọ́n mi ò fìgbà kan yí páálí yẹn padà kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Ìyá tó ni kẹ́míìsì ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa ló jẹ́ ká lè máa gbé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì Addo ní Ajah nilé wa wà, kò sì sí ará àdúgbò tí obìnrin náà ò mọ ohun tó ń ṣe é. Bí Màmá bá ti yọ orí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó kíra tán, ó ti fa dúrọ́ọ̀, ó ti na oògùn sí wọn. "Ìyá wa, tiyín rèé. Ẹ dín iyọ̀ kù o." Màmá á ní kó lọ sọ fún ìyàwó àwọn ọmọ rẹ̀, pé ẹnu àwọn ṣì ń mọ adùn ọbẹ̀. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Orúkọ oògùn tó ń mú ìyá mi dìde láràárọ̀ wà lórí obìnrin kan ṣoṣo, ara wa sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Omi máa ń wọlé tọ̀ wá lọ́dọọdún, ẹ má rò pé tuntun ni. Bí oṣù òjò bá ti dé, gbogbo àdúgbò á fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, méjì méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé fíríìjì sórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù á wọ bàtà rọ́bà, ayé á máa lọ. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta omi á fà, a ó gbá ẹrẹ̀ jáde, a ó bú ìjọba, ó tán. Nítorí náà nígbà tí òjò yẹn rọ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, a kàn fi búlọ́ọ̀kù kẹta kún un ni.

Omi ọ̀tẹ̀ yìí ò gbọ́ ti búlọ́ọ̀kù rárá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní òwúrọ̀ Thursday nígbà tí Màmá fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, "Dìde, fóòmù ti tutù." Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, omi mù mí dé itan. Kí n má parọ́ fún yín, máṣíìnì ìránṣọ mi ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí n tó gbá ìyá mi mú. Gbogbo nǹkan tó lè léfòó ti ń léfòó: ìkòkò, bàtà, ike ìpọnmi, gbogbo wọn ń wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n pè. Ike áísìkiriìmù tí Màmá ń kó oògùn sí, tí káàdì ilé ìwòsàn wọn náà wà nínú rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń wà. Ìdérí rẹ̀ nìkan la rí, ó há sára ògiri fẹ́ǹsì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní òdìkejì tí wọn ò tíì kọ́ tán, kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn. Bíríkìlà kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń gbé òkè rẹ̀, ó ń bá onílé ṣọ́ ọ. Òun ló wọ inú omi wá bá wa. Ó pọn Màmá sẹ́yìn, ó gbé wọn gun òkè lọ, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ fún wọn lórí pákó, ó ní, "Màmá, ààfin yín rèé." Màmá rẹ́rìn-ín. Láti òkè yẹn la ti ń wo títì tó ti di ọ̀sà. Àwọn apẹja láti etí ọ̀sà gbé ọkọ̀ wọn wọ inú àdúgbò, wọ́n ń tukọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n ń kó àwọn èèyàn jáde. Màmá, tí wọ́n bí sí etí omi náà, na ọwọ́ sí wọn, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, wọ́n mà ti dá ilẹ̀ padà fún wa." Inú mi ò dùn sí àwàdà kankan lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bi mí pé, "Oògùn mi ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀ ná."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ inú omi. Kẹ́míìsì ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ lọ. Omi ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tán, àgádágodo ńlá sì wà lára ilẹ̀kùn irin. Wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà fóònù sára ilẹ̀kùn náà, mo há a sórí, mo rìn dé ibi tí ọkùnrin kan ti gbé jẹnẹrétọ̀ sórí ọkọ̀ akóyanrìn, tó ń bá àwọn èèyàn gba iná sí fóònù. Mo pe nọ́ńbà náà títí, wọ́n ti pa á. Ẹnì kan níbẹ̀ ló sọ fún mi pé ìyá oníkẹ́míìsì ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé ìlú wo. Kò mọ̀.

Mo kọrí sí afárá Ajah. Kẹ́míìsì onígíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, èyí tó máa ń tàn yanranyanran bí ilé ìgbéyàwó. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jókòó sórí tábìlì, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Páálí oògùn ń léfòó nínú ilé, wọ́n ti wú, wọ́n ti ya. Ó ní, "Mọ̀dáámù, kò sí nǹkan kan mọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n ti kó o lọ sí Lekki." Mo tún rí méjì míì tí wọ́n tì pa. Níwájú òmíràn, obìnrin kan ń to ike oògùn sóòrùn lórí àwo tí wọ́n fi ń yan gààrí, mo kí i, ó ń sunkún. Mo kọjá lọ.

Ọ̀nà Badore ni mo ti rí èyí tó ṣí. Ọlọ́run gbọ́, ó ṣí! Ìdajì ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé sókè, èèyàn sì tò síwájú rẹ̀, aláìsàn, abiyamọ, ọkùnrin kan tí gíláàsì gé lẹ́sẹ̀. Mo tò títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ funfun ló ń dá wọn lóhùn, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ṣì ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó kàn mí. Mo ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, màmá mi ló ni ín."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó funfun, ó kéré, ó ní ìlà láàárín."

Ó mí kanlẹ̀. "Àǹtí, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn mi yìí ló funfun, tó kéré. Ẹ ò lè fún àgbàlagbà ní èyí tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ mú káàdì wọn wá."

"Omi ti gbé káàdì lọ."

"Ẹ wá gbé Màmá wá, ká wọn ìfúnpá wọn, èmi fúnra mi á wá nǹkan tí wọ́n á fi dúró di ìgbà tí wọ́n á rí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tò o, ẹ sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ wá."

Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó dáa ló sọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn? Mo bú u. Mo bi í bóyá ó ní ìyá. Mo bi í bóyá orí ni kí n fi ru arúgbó tí orúnkún ń dùn gba inú omi wá, nítorí kó lè máa ṣe bí dókítà. Mo ní ìwé tó kà ló ń gùn ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ní kí n kúrò lójú ọ̀nà, mo yíjú sí àwọn náà, mo fún wọn ní tiwọn. Ẹsẹ̀ mi ń já mi jẹ, ebi ń pa mí, inú ń bí mi sí òjò, mo wá gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wa lórí. Mo bá ìbínú lọ sílé. Ọkọ̀ apẹja ń kọjá níwájú mi, ọkọ̀ tó ṣófo, tó lè gbé ìyá mi débẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Mi ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Lakowe, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́ lọ wò ó bóyá omi ti ba sìmẹ́ǹtì wọn jẹ́, wọ́n sì ti sọ fún un pé lọ́hùn-ún gbẹ, bọ́ọ̀sì kórópe ń ná ọ̀nà ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí. "Àǹtí, kí ni kí n bá yín rà bọ̀?"

Mo ń fún aṣọ lọ́wọ́. Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀. Sọ fún wọn pé ti àgbàlagbà."

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí i? Ní Badore, ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo pè é. Fún bíríkìlà, mo gé e kúrú, bí a ṣe máa ń gé e kúrú nínú ilé wa láti ọdún mẹ́jọ. Ọmọlúàbí èèyàn ni, kò fẹ́ gbàgbé, ó ń tún un wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: "Oògùn ẹ̀jẹ̀, ti àgbàlagbà. Oògùn ẹ̀jẹ̀, ti àgbàlagbà." Mo gbọ́ ọ títí tí ohùn rẹ̀ fi wọ inú omi lọ.

Ó pẹ́ kó tó dé. Omi ti mù ún dé àyà lójú ọ̀nà, ó fi ọ̀rá di nǹkan mọ́ orí, ó sì so ó mọ́ àgbọ̀n. Nígbà tó tú u, àpò ìwé pélébé ni, irú èyí tí àwọn oníkẹ́míìsì kékeré máa ń ka oògùn sí, wọ́n fa ìlà kan fún àárọ̀ àti ìlà kan fún alẹ́. Kò sí páálí. Kápúsù pupa ló wà nínú rẹ̀, ó pupa fòò. Inú ọkùnrin náà ń dùn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kẹrin ló ti rí i, àti pé ẹni tó tà á fún un ní ó dáa gan-an fún àwọn ìyá àgbà, pé á jẹ́ kí ara wọn le.

Màmá gba ọ̀kan, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Tèmi kọ́ nìyí."

Mo ní, "Màmá, tiyín ni."

"Tèmi funfun. Èyí pupa. Kò sì rí báyìí lẹ́nu."

Inú bí mi. Mi ò mọ ibi tí gbogbo ìbínú yẹn ti ń jáde, àmọ́ ó jáde. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló yàtọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ gba inú omi lọ sí Lakowe nítorí yín, ẹ wá ń ṣa àwọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra léèsì. Ẹ gbé e mì, ká sinmi!"

Bíríkìlà ní, "Àǹtí, ẹ má bá Màmá jà, ẹ jọ̀ọ́." Ó dà bíi pé ojú ti òun gan-an. Màmá wò ó, omi ṣì ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Mo mọ ìyá mi. Nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ìyà ò ní jẹ ọ́." Wọ́n ju kápúsù sẹ́nu, wọ́n mu omi lé e. Àyà mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa láti ìgbà tí omi ti dé.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Mo ní ẹ ti lo oògùn, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e wọ́n ní àwọn ń rí nǹkan méjì méjì, pé ọkọ̀ kan lójú omi ti di méjì. Mo ní oòrùn ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ojú kúrò níta. Mo ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń lò ó o, láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń ka kápúsù bí ẹni tó ń ka ọ̀já kọ́tìnnì, kí ọ̀kan má sọnù. Kò sí ohun tí mo ṣe létòlétò lọ́sẹ̀ náà tó bí mo ṣe fún ìyá mi ní oògùn tí kì í ṣe tiwọn.

Òwúrọ̀ Tuesday ni ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ bínú, mo yíjú, mo rí i pé ẹnu wọn ti fà sápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí ẹní, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹrù ẹlòmíì. Wọ́n fẹ́ pè mí. Ohun tó jáde kì í ṣe orúkọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan. Yéè! Mo kígbe débi pé àwọn tó wà lórí ilé kejì dìde dúró. Bíríkìlà tún pọ̀n wọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ apẹja gbé wa dé ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé wa dé ilé ìwòsàn. Gbogbo rẹ̀ ò ju wákàtí kan lọ. Wákàtí kan péré, ọ̀nà tí mo ní kò ṣeé gbà.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló bi mí pé oògùn wo ni Màmá ń lò. Mo yára fa àpò ìwé yẹn yọ, ó wà lábẹ́ kọ́mú mi kó má bàa tutù. Mo ní, "Wọn ò fo ọjọ́ kan láti Saturday, Mà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ wọn nìyí."

Ó da ìyókù sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó, ó wò mí.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́," ó ní. "Èyí tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ ni. Àwọn aláboyún là ń fún."

Mo ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ pé kò sí oògùn ìfúnpá kankan lára ìyá yìí fún bí ọjọ́ mélòó kan, pé rọpárọsẹ̀ ni, pé ẹ̀ bá ti tètè gbé wọn wá. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo. Èmi tí mo ti pariwo mọ́ gbogbo ayé lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò rí ẹni bú mi.

Omi fà nígbà tó yá, bó ṣe máa ń fà. Ìyá oníkẹ́míìsì padà dé, ó wá wo Màmá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ó sọ orúkọ oògùn náà fún mi. Kò gùn rárá. Ọmọdé lè há a sórí kó tó jẹun tán. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, mo lè dijú kọ ọ́ sílẹ̀, mo mọ iye ìwọ̀n rẹ̀, mo sì mọ orúkọ méjì míì tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀ tí kò bá sí.

Bíríkìlà ṣì máa ń yà kí wọn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Àǹtí, ọpẹ́ ló yẹ wá. Ká ní a ò tètè rí oògùn yẹn fún wọn, ì bá burú jù báyìí lọ." Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́ fún un. Mo rí ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá." Ìyẹn náà wà lọ́rùn mi.

Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní ó lè padà, ó lè má padà. Wọ́n máa ń gbọ́ nǹkan, ojú wọn máa ń tẹ̀ lé mi kiri inú yàrá, ṣùgbọ́n wọn kì í jiyàn mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tẹ́lẹ̀, ìyá mi lè jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo mú ọ̀kan nínú oògùn ara ríro tèmi, ó yẹ́lò, ó tóbi tó bọ́tìnnì kóòtù, èyí tí wọn ò rí rí láyé wọn. Mo gbé e sún mọ́ wọn. Mo ní, "Màmá, oògùn yín rèé."

Mo ń retí kí wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Mo ń retí kí wọ́n bá mi jiyàn. Mo tilẹ̀ ní, "Màmá, ẹ wò ó dáadáa o."

Wọn ò wò ó. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n la ẹnu, wọ́n ń dúró dè mí.